Kí ni Òdìkejì “Pa”? Àríwísí Lórí Bí A Ṣe Ń Wá Ọ̀rọ̀ Òdìkejì

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wo ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni kò mọ iṣẹ́ tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pé “Donnez le contraire des mots suivants”? Olùkọ́ a to ọ̀rọ̀ sí apá kan, a fi àlàfo sí apá kejì, ọmọ a sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dí àlàfo kọ̀ọ̀kan: grand, petit, jour, nuit, monter, descendre. Iṣẹ́ náà wúlò, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ wa àti àwọn àgbàlagbà ní kíka èdè Yorùbá àti kíkọ ọ́, a gbé àtẹ kan náà kúrò nínú ìwé Faransé, a gbé e wọ inú ẹ̀kọ́ Yorùbá bí ó ti wà, láìbéèrè bóyá ó bá èdè wa mu. Àtẹ yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, pẹ̀lú àwọn ìwé atúmọ̀ èdè tí a ń gbára lé nígbà tí a bá ń wá ìdáhùn sí i. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn kò gùn: ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá tí ó ní ìtumọ̀ púpọ̀ kò ní òdìkejì nígbà tí ó bá dá dúró, inú gbólóhùn ni òdìkejì rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn onígírámà lásán. Mo ti rí ìwé ìdánwò kan níbi tí wọ́n ti béèrè òdìkejì “pa” láìfi nǹkan kan kún un. Ọmọ kan kọ “tàn”. Èkejì kọ “dá sí”. Ẹ̀kẹta kọ “ṣí”. Wọ́n fa igi pupa sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé “jí” ni ó wà nínú ìwé ìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò sọ pé “ó jí ẹran” láti fi hàn pé ẹni náà kò pa á; ẹni tí ó jí ẹran, olè ni. Ọmọ kìíní ń ronú nípa iná, èkejì ń ronú nípa ẹran, ẹ̀kẹta ń ronú nípa ilẹ̀kùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n gbọ́ èdè wọn dáadáa. Ọmọ tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, yóò gbà pé èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é wá jẹun kò ní òfin, pé Faransé nìkan ni ó ní òfin. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi yẹ kí a jíròrò nínú ẹgbẹ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà gan-an, òdìkejì. Ẹni tí ó bá dúró létí odò a máa pe etí odò tí òun kò sí ní òdìkejì odò. Odò Okpara jẹ́ ààlà ilẹ̀ Benin àti Nàìjíríà ní apá kan ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ìhà tiwa yóò ní Nàìjíríà ni ó wà ní òdìkejì. Ẹni tí ó wà ní Nàìjíríà yóò ní àwa ni a wà ní òdìkejì. Àwọn méjèèjì kò purọ́. A kò lè sọ ibi tí òdìkejì wà kí a tó sọ ibi tí a dúró sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọ̀rọ̀-ìṣe: àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni ó ń sọ ibi tí a dúró sí fún wa.

“Pa” ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó kéré lójú, ó sì pọ̀ nínú. Ẹ wo díẹ̀ nínú ohun tí a fi ń ṣe:

Pa ẹran: dá ẹran sí.
Pa iná: tan iná, tàbí dá iná.
Pa ilẹ̀kùn dé: ṣí ilẹ̀kùn.
Pa ẹnu mọ́: la ẹnu.
Pa irọ́: sọ òtítọ́.
Pa òfin mọ́: rú òfin.
Pa owó: pàdánù owó.
Pa owó mọ́: ná owó.
Pa àṣẹ: gba àṣẹ, tàbí tẹ̀lé àṣẹ.

Mẹ́sàn-án nìyí, n kò sì tíì dé ìdajì. Nígbà tí adìẹ bá sì sàba títí tí ẹyin rẹ̀ fi di ọmọ, a ó ní adìẹ náà pamọ. “Pa” tí ó gba ẹ̀mí ẹran ni ó tún mú ẹ̀mí jáde láti inú ẹyin. Ẹni tí ó bá béèrè òdìkejì “pa” láìsí ẹran, láìsí iná, láìsí ẹyin níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mélòó ni ó ń béèrè?

Ẹnìkan lè sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ni gbogbo èyí, pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n tí ìró wọn kàn dọ́gba. Àtakò náà ní ọgbọ́n nínú, òdìkejì gan-an sì lè ràn wá lọ́wọ́ láti yanjú rẹ̀. Pa ilẹ̀kùn dé, pa ìwé dé, pa àpótí dé: “ṣí” ni òdìkejì gbogbo wọn. Ìdílé kan ni wọ́n. Pa ẹran àti pa iná ńkọ́? Òdìkejì wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo àbájáde wọn: bí mo bá pa ẹran, ẹran á kú, bí mo bá pa iná, iná á kú. “Kú” so wọ́n pọ̀, a sì lè pè wọ́n ní ọmọ ìyá. Bí mo bá pa irọ́, irọ́ kò kú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìgbà náà ni a bí i. Ó dájú pé ọ̀nà irọ́ jìn sí ọ̀nà iná. Wíwá òdìkejì, tí a bá ṣe é dáadáa, kì í ṣe eré àlàfo dídí. Irinṣẹ́ ni a fi ń ya ìtumọ̀ kan kúrò lára èkejì.

Kí ni àwọn ìwé atúmọ̀ èdè wa ti ṣe nípa èyí? A gbọ́dọ̀ fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ nípa wọn, nítorí pé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n. Samuel Ajayi Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ìjọ CMS tẹ ìwé atúmọ̀ tiwọn jáde ní 1913, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó sì ṣì ń lò ó títí di òní nínú àwọn àtúntẹ̀ rẹ̀. Ní 1958, ìwé méjì jáde: ti R. C. Abraham, tí ó fi gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ Yorùbá pẹ̀lú àpẹẹrẹ gbólóhùn púpọ̀, àti Atúmọ̀ Ede Yoruba ti Isaac Delano, tí ó fi Yorùbá túmọ̀ Yorùbá. Delano kan náà tún ṣe ìwé apá méjì ní 1969 lórí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan nìkan. Fún àwa tí a ń fi Faransé kàwé, Michka Sachnine fún wa ní Dictionnaire usuel yorùbá-français ní 1997, láti ilé ìtẹ̀wé Karthala.

Nínú gbogbo wọn, ìwé Delano ti 1969 ni ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù. Ọkùnrin náà rí ohun tí ọ̀pọ̀ kò rí: pé àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi pa, gbà, dá, wọ̀, jẹ ni ó ru ẹrù èdè Yorùbá, wọ́n sì yẹ ní ìwé tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìwé wọ̀nyí tí ó fi wíwá òdìkejì ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi fún iṣẹ́ tí wọn kò gbà. Àríwísí mi dá lórí nǹkan mìíràn. Ìwé atúmọ̀ elédè méjì a máa fi èdè kejì ka iye ìtumọ̀. Bí Faransé bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, a ó kọ nọ́ńbà mẹ́rin. Bí ó bá ní ọ̀kan, a ó kọ ọ̀kan.

Nígbà mìíràn èyí a bọ́ sí i. Ẹ mú “wọ̀” wò. A ń wọ aṣọ, òdìkejì rẹ̀ ni kí a bọ́ aṣọ. A ń wọ ilé, òdìkejì rẹ̀ ni kí a jáde. A ń wọ ọkọ̀, òdìkejì rẹ̀ ni kí a sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn ń wọ̀, òdìkejì rẹ̀ ni kí oòrùn yọ. Faransé ní mettre, entrer, monter, se coucher, ó sì ní ôter, sortir, descendre, se lever láti dojú kọ wọ́n. Níbí, nọ́ńbà Faransé bá òdìkejì Yorùbá lọ ní ẹsẹ̀ kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo “tutù”. Froid ni ọmọ yóò kọ́kọ́ sọ, á sì fi “gbóná” ṣe òdìkejì rẹ̀. Ó tọ̀nà bí ó bá jẹ́ omi. Bí ó bá jẹ́ aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ni ó tutù, òdìkejì rẹ̀ ni “gbẹ”, oòrùn ìbáà mú tàbí kò mú. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ni a ní ó tutù, ìwà rẹ̀ ni à ń sọ, òdìkejì rẹ̀ sì ni “le”. Lẹ́yìn náà ni “le” náà yóò tún pín: igi le, òdìkejì rẹ̀ ni “rọ̀”, iṣẹ́ le, òdìkejì rẹ̀ ni “rọrùn”, ara le, òdìkejì rẹ̀ ni kí ara rẹ ènìyàn. Ohun tí Faransé ń pè ní adjectif, ọ̀rọ̀-ìṣe ni púpọ̀ nínú wọn nínú èdè tiwa. Ìdí nìyẹn tí ìṣòro ọ̀rọ̀-ìṣe onítumọ̀ púpọ̀ fi tóbi lọ́dọ̀ wa ju bí àwọn ìwé Faransé ti lè jẹ́ kí a rò lọ.

Kí a má sì rò pé àwọn Faransé fúnra wọn fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Le Petit Robert, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1967, a máa fi ọ̀rọ̀ òdìkejì hàn, a sì máa fi nọ́ńbà sọ ìtumọ̀ tí òdìkejì kọ̀ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Lever la main, òdìkejì rẹ̀ ni baisser. Lever la séance, òdìkejì rẹ̀ ni ouvrir. Lever l’ancre, òdìkejì rẹ̀ ni jeter. Àtẹ tí ó ní ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan tí a gbé wá sínú ẹ̀kọ́ Yorùbá kì í ṣe ọgbọ́n Faransé tí ó dára jù; apá tí ó rọrùn jù lọ nínú rẹ̀ ni a mú, a sì fi èyí tí ó jinlẹ̀ sílẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ni à ń pè ní òdìkejì gan-an? Aristotle ti ya ìlòdì sí ọ̀nà mẹ́rin nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìsọ̀rí. Ní 1977, John Lyons, onímọ̀ èdè ará Gẹ̀ẹ́sì, tún tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ ní ọ̀nà tirẹ̀. N kò ní gbé ètò wọn ka orí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá. Bí a bá tẹ́tí sí èdè fúnra rẹ̀, ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni a ó gbọ́.

Ọ̀nà kìíní ni títú iṣẹ́ palẹ̀. Ohun tí ọwọ́ kan ṣe ni ọwọ́ kejì tú: a di ẹrù, a tú ẹrù, a ru ẹrù, a sọ ẹrù, a kọ́ ilé, a wó ilé, a dé fìlà, a ṣí fìlà. “Tú” fúnra rẹ̀ ní ìtumọ̀ púpọ̀. Tú okùn, òdìkejì rẹ̀ ni kí a so okùn. Tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ni kí a dè é. Tú àṣírí, òdìkejì rẹ̀ ni kí a bo àṣírí. Bí ilé bá tú, òdìkejì rẹ̀ ni kí ilé tòrò.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹni méjì tí ó pàdé lórí iṣẹ́ kan. Ìyá kan tà, ìyá kejì rà. Baba fún, ọmọ gbà. Kò sí ẹni tí ó tú iṣẹ́ ẹnì kejì ká. Iṣẹ́ kan náà ni, ojú méjì ni a fi wò ó. Ibí ni èdè wa ti ní ohun kan tí àtẹ àlàfo kò lè gbà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan lè di òdìkejì ara rẹ̀. “Ó yá mi lówó” àti “ó yá owó lọ́wọ́ mi”: ní ti àkọ́kọ́, èmi ni mo jẹ gbèsè, ní ti èkejì, òun ni. “Ó kọ́ mi ní ìwé” àti “ó kọ́ ìwé lọ́dọ̀ mi”: ta ni olùkọ́, ta ni akẹ́kọ̀ọ́? “Yá” kan, “kọ́” kan. “Ní” àti “lọ́wọ́” tàbí “lọ́dọ̀” ni ó pààrọ̀ ipò àwọn ènìyàn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé àbùkù èdè wa ni èyí: apprendre náà lè jẹ́ kíkọ́ tàbí kíkọ́ni, louer náà lè jẹ́ ti onílé tàbí ti ayálégbé. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ láti èdè kan sí èkejì fún ìwé ìròyìn bíi tiwa yìí gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ra níbi wọ̀nyí.

Ọ̀nà kẹta ni ti ìwọ̀n. Ga àti kúrú, jìn àti súnmọ́, pọ̀ àti kéré. Níbí, àyè wà láàrin: ènìyàn lè má ga kí ó má sì kúrú. Wọ́n wà nínú ìsọ̀rí yìí tí ọjà ṣe àlàyé wọn ju ìwé lọ. Bí àgbàdo bá wọ́n, ó lè jẹ́ pé a kò rí i, ó sì lè jẹ́ pé owó rẹ̀ ga. Òdìkejì ti àkọ́kọ́ ni kí ó pọ̀. Òdìkejì ti èkejì ni kí a rà á lọ́pọ̀. Àwọn tí ó dá èdè yìí mọ̀ pé ohun tí ó bá pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ á wálẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kan náà sọ méjèèjì.

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀-ìṣe kan nínú gbólóhùn kan ṣoṣo lè ní òdìkejì méjì, nítorí pé ọ̀nà méjì ni a lè gbà béèrè. “Ó jẹ oúnjẹ.” Bí ìbéèrè bá jẹ́ nípa títú iṣẹ́ palẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ni “ó bì í”. Bí ó bá jẹ́ nípa yíyẹra fún un, òdìkejì rẹ̀ ni “ó gbààwẹ̀”. Kí a tó kúrò lórí “jẹ”, ẹ jẹ́ kí a tún wo jẹ gbèsè, tí òdìkejì rẹ̀ jẹ́ san gbèsè; jẹ èrè, tí òdìkejì rẹ̀ jẹ́ pàdánù; àti jẹ ọba. Òdìkejì “ó jẹ ọba” ni “ó wàjà” bí ikú bá mú un lọ, tàbí “wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè” bí ó bá jẹ́ pé ìlú ni ó kọ̀ ọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì kì í ṣe kékeré ní ìlú tí ó ní ọba.

Ìgbà mìíràn sì wà tí kò yẹ kí a wá òdìkejì sínú ọ̀rọ̀-ìṣe rárá. Adájọ́ a dá ènìyàn lẹ́bi, adájọ́ kan náà a dá ènìyàn láre. “Dá” kò yí padà. Ẹ̀bi àti àre ni ó dojú kọ ara wọn. Ènìyàn a bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá, ènìyàn a sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ọmọ tí a bá ní kí ó wá òdìkejì “dá” tàbí “bọ́” níbí, wọ́n rán an lọ wá ohun tí kò sọnù.

Ohun kan wà tí púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sá fún gbogbo ìṣòro yìí: wọ́n á kàn fi “kò” síwájú ọ̀rọ̀. Òdìkejì “ṣí ilẹ̀kùn”? “Kò ṣí ilẹ̀kùn.” Èyí kì í ṣe òdìkejì, kíkọ̀ ni. Ẹni tí kò ṣí ilẹ̀kùn lè má tì í pẹ̀lú. Ó lè jẹ́ pé ìta gbangba ni ó jókòó sí. Ẹni tí kò ga kò pọn dandan kí ó kúrú. Ó ṣẹlẹ̀ pé “kò” àti òdìkejì bára mu ní ibi díẹ̀: ẹni tí kò kú, ó yè. Ṣùgbọ́n ibi tí kò sí àyè láàrin nìkan ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń gba “kò” wọlé ní ibi gbogbo ń fi ẹ̀kọ́ náà ṣòfò.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba àmì ohùn. Ní Benin, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè ń lo ɛ àti ɔ níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń kọ ẹ àti ọ. Èyí tí ó wù kí a lò, bí a bá yọ àmì ohùn kúrò, kò sí òdìkejì tí a lè wá. “Kọ́” tí a fi kọ́ ilé, òdìkejì rẹ̀ ni “wó”. “Kọ̀” tí a fi kọ ẹ̀bùn, òdìkejì rẹ̀ ni “gbà”. “Kọ” tí a fi kọ lẹ́tà, òdìkejì rẹ̀ ni “kà” bí a bá wo ẹni tí ó gbà á, tàbí “pa rẹ́” bí a bá fẹ́ tú iṣẹ́ náà palẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì ohùn nìkan kò tó. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀ nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Nítorí náà, “ó kọ ìwé náà” lè jẹ́ pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n gbé e fún un, kò gbà á. Ọ̀nà tí a fi ń yanjú rẹ̀ rọrùn: ẹ fi arọ́pò-orúkọ rọ́pò ìwé. “Ó kọ ọ́” ni ti ẹni tí ó kọ̀wé. “Ó kọ̀ ọ́” ni ti ẹni tí kò gbà. Lẹ́yìn èyí ni a tó lè béèrè òdìkejì.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan sì wà tí kò ní òdìkejì. Kí ni òdìkejì “pa àlọ́”? Ẹni kan ń pa á, àwọn yòókù ń dáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn kì í ṣe ìlòdì. Kí ni òdìkejì “kọ orin”? Ìdákẹ́ kì í ṣe iṣẹ́. Àwọn kan máa ń fi èyí sọ pé èdè wa tòṣì. Kí wọ́n sọ òdìkejì chanter fún mi ná. Kò sí èdè tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ní méjì-méjì. Ìdáhùn tí ó bá sọ pé “kò sí” yẹ kí ó gba máàkì, bí ó bá jẹ́ òótọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́ yóò sọ. Wọ́n á ní kíláàsì kún, wọ́n á ní ìwé ìdánwò tí a ní láti máàkì pọ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo sì ni ó rọrùn láti máàkì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń béèrè kò fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Dípò “pa”, ẹ kọ “pa iná”. Dípò “wọ̀”, ẹ kọ “wọ ọkọ̀”. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ẹ fi kún un, ìdáhùn á sì di ọ̀kan tàbí méjì tí kò ní àríyànjiyàn. Àwọn baba wa sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ gba ọ̀nà kan náà ni ó yẹ kí ó fi ọ̀nà náà hàn wọ́n.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dá jókòó pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe kan, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin:

1. Kí ni olùwà, kí sì ni àbọ̀? Kí ó kọ gbólóhùn náà tán pẹ̀lú àmì ohùn.
2. Nígbà tí iṣẹ́ náà bá parí, kí ni ó yí padà? Kí ni yóò dá a padà sí bí ó ti wà?
3. Ṣé ẹlòmíràn wà ní òdìkejì iṣẹ́ náà? Kí ni òun ń ṣe?
4. Ṣé àyè wà láàrin? Bí a bá fi “kò” sí i, ṣé ohun kan náà ni a sọ?

Bí ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá já sí òfo, kí ó kọ “kò sí” pẹ̀lú ìgboyà.

Ohun tí ó kù wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Àwọn ìwé tí mo dárúkọ sókè, èdè tí ó wọ́pọ̀ láàrin gbogbo Yorùbá ni wọ́n gbé karí, àyè díẹ̀ ni wọ́n sì ní fún ohùn àwa ará Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn àgbẹ̀ wa, àwọn ọdẹ, àwọn aláṣọ òkè, àwọn ìyá ọjà àti àwọn awakọ̀ ní ọ̀rọ̀-ìṣe fún ohun tí wọ́n ń ṣe àti ohun tí wọ́n ń tú palẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá gba ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́nu àgbà kan, kí ó kọ gbólóhùn tí àgbà náà fi sọ ọ́ àti gbólóhùn tí ó lòdì sí i, a ó ní ohun tí ìwé kankan kò tíì fún wa. A lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí ní èdè méjèèjì, kí àwọn ọmọ tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rí i lò.

Kí a lè bẹ̀rẹ̀, mo fi gbólóhùn márùn-ún sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wọn lórí “gbà”. Ẹ wá òdìkejì ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì gbàgbé pé ó lè ju ọ̀kan lọ, ó sì lè má sí:

Ó gba owó oṣù rẹ̀.
Ó gbà pé òun jẹ̀bi.
Ó gba ọ̀nà oko.
Yàrá náà gba ogún ènìyàn.
Ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ ikú.